Ẹ má lu orí jìtá àgbà nítorí etí rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi kì í kọ̀wé sí ilé ìròyìn. Ìyàwó mi a máa sọ pé ẹnu ni Ọlọ́run fún mi, kò fún mi ní gègé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí mo kà lọ́dọ̀ yín kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan kọ̀wé sí yín pé jìtá Hàwáì tí àwọn bá lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn kì í gbé ohùn dúró mọ́. Kí orin kejì tó parí, okùn rẹ̀ á ti dẹ̀ wọlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ohun tó bá ti gbó ti gbó nìyẹn, kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kí wọ́n lọ ra èyí tó ń dán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún aṣáájú akọrin yẹn: bí kò bá tíì gbé e fún wọn, kó dá ọwọ́ dúró. Ó lè jẹ́ pé etí jìtá rẹ̀ nìkan ló gbó. Àwọn kókó tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí jìtá, tí à ń yí kí okùn lè le tàbí kó dẹ̀, ni èmi ń pè ní etí. Kíì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é, n kò bá wọn jà. Etí wù mí bẹ́ẹ̀ nítorí òun la máa ń fà bí jìtá bá ń ṣe orí kunkun.

Ọdún 31 ni mo fi tún ẹ̀rọ táípù ṣe ní Dùgbẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbójú sókè, Cocoa House ni yóò rí. Nígbà yẹn, kò sí ọ́fíìsì kan ní Sẹkitéríàtì Agodi tí kò ní táípù, kò sì sí akọ̀wé tí kò ní ẹjọ́ láti rò fún mi nípa lẹ́tà "e" tó ń lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló dé tó gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ẹgbẹ́ wa á lọ ṣeré jùjú níbi ìnáwó, jìtá Hàwáì ni tèmi. Mo rà á ní 1978 lọ́wọ́ ọ̀gá eléré kan tó fẹ́ fi eré sílẹ̀ kó lọ máa wàásù. Àmì orúkọ àwọn tó ṣe é ti já dànù kó tó dé ọwọ́ mi. "Made in Japan" nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀, àti ojú ibi tí ọ̀gá náà fi sìgá jó kó tó di oníwàásù.

Fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, jìtá yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́ ọrùn. Orí itan là ń tẹ́ ẹ sí, okùn rẹ̀ á kọjú sókè. A kì í fi ìka tẹ okùn mọ́ igi. Irin roboto kan tó dán bíi dígí la fi ń rọ́ lórí rẹ̀, tí ohùn á máa yọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Erékùṣù Hàwáì ló ti wá, bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph Kekuku ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ irú títa yìí níbẹ̀, kí ọdún 1900 tó pé. Nígbà tó di 1932, ilé iṣẹ́ Rickenbacker ní Amẹ́ríkà ti ń ta èyí tó ń lo iná. Ara rẹ̀ rí roboto, ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, làwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní páànù ìdínǹkan. Mo ti rí àwòrán rẹ̀. Páànù àkàrà ni lóòótọ́, epo nìkan ni kò sí nínú rẹ̀.

Ìgbà tó dé ọwọ́ àwọn eléré jùjú, àfi bí ẹni pé ilé ló padà sí. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí Demola Adepoju ṣe ń fi èyí tó ní ẹsẹ̀ àti pẹ́dàlì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn King Sunny Adé, á mọ ohun tí mò ń wí. Èdè wa ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń yọ́. Gángan ń ṣe bẹ́ẹ̀, jìtá Hàwáì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìyọnu rẹ̀ wà. Ẹni tó ń ta jìtá ọrùn, bí okùn kan bá dẹ̀ díẹ̀, ó lè fi ìka tì í kó fi bò ó, kí ará ibi ìnáwó má mọ̀. Irin tèmi dùbúlẹ̀ gbọnrangandan lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá dẹ̀, kò síbi tí mo fẹ́ sá sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn níbi òkú àgbà kan ní Ìdí-Arẹ́rẹ́, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Onígángan wa ti ki bàbá náà, ó kàn mí kí n gbè é. Mo fẹ́ fi jìtá pe bàbá náà ní ọkọ rere. Ohùn kejì já wálẹ̀ lójijì, "ọkọ" bá di "ọkọ̀". Ọmọ onígángan bojú wẹ̀yìn wò mí. Nígbà tí a sinmi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, mọ́tò ta lẹ ń kí lẹ́ẹ̀kan?" Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àmàlà tí wọ́n gbé wá fún mi lọ́jọ́ náà kò dùn lẹ́nu mi.

Mo délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bọ́tìnì ike tó wà lórí etí kọ̀ọ̀kan, tó funfun bíi wàrà nígbà tí mo rà á, ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ tábà. Mo fi ìka méjì yí ọ̀kan wò. Ó rún sí mi lọ́wọ́ bíi kúlíkúlì, ìyẹ̀fun rẹ̀ dà sí mi nítan, irin ìhòòhò tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù láàárín ìka mi. Ìyẹn gan-an kọ́ ló bà mí lẹ́rù, nítorí bọ́tìnì ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Gíà tó wà nísàlẹ̀ ni mo ń wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ní ìlà yíyí bíi ti sìkúrù; òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan, kẹ̀kẹ́ náà ló sì ń yí òpó tí okùn wé mọ́. Eyín kẹ̀kẹ́ ti jẹ, ó ti rí ṣóńṣó bí eyín ayùn. Mo fi bírò sàmì sórí òpó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí etí díẹ̀díẹ̀. Etí ti yí tó ìdá mẹ́rin àyípo kí àmì bírò yẹn tó mira.

Kí aṣáájú akọrin dán ìyẹn wò kó tó ná kọ́bọ̀. Kó sàmì sórí òpó, kó máa yí etí, kó máa wo àmì. Bí òpó bá tẹ̀ lé etí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gíà kò tíì jẹ, kó wá ibòmíràn wò. Ó lè jẹ́ pé okùn ti dípẹtà. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó wé e sórí òpó kò wé e tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dáa kó yí òpó ká. Ó sì lè jẹ́ pé okùn ń há sójú ihò tóóró tó ń gbà kọjá lẹ́nu ọrùn jìtá. Bó bá ń dún "tíń" bó ṣe ń fà á, ibẹ̀ ni. Kó ha dúdú inú pẹ́ńsù sójú ibẹ̀, yóò máa yọ́ lọ. Bó sì ṣe gíà nìkan ló gbẹ, ẹ̀kán òróró máṣínì ìránṣọ kan ti tó o. Ẹ̀kán kan, kì í ṣe kó da á bí ẹni ń din ẹja.

Ṣùgbọ́n bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ bíi tèmi, pípààrọ̀ ló kù. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí, nítorí ibi pípààrọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń pa àwọn jìtá àgbà ní ìlú yìí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń ṣeré láti ìgbà èwe. Jìtá Hàwáì tirẹ̀ dàgbà ju tèmi lọ, ohùn rẹ̀ sì tutù ju tèmi lọ, n kò jẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Etí tirẹ̀ náà jẹ. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nínú Ìbàdàn níhìn-ín, n kò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tó bá níbẹ̀ ní kò sí wàhálà, òun ní etí tuntun tí òróró ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Lóòótọ́, etí tó dáa ni. Àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ lóde báyìí, ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 10 ni ọrùn rẹ̀ ń fẹ́. Ihò orí jìtá àtijọ́ kì í sábà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí lọmọ yìí ṣe? Ó gbé dírìlì.

Igi tó ti gbẹ fún ọgọ́ta ọdún kì í gba dírìlì bíi pákó tútù láti Bódìjà. Ó là láti ihò kejì dé ihò kẹta. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n kun ún ní dúdú, wọ́n gbé e fún ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì gba owó. Okùn mẹ́fà bá le tán, ohun tí wọ́n jọ ń fà wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Àárín òru níbi ìṣọ́ òru kan lorí jìtá náà ya, ó dún pàá, gbogbo ìjọ pariwo "Jésù!" Wọ́n rò pé iná ló jó. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òun jókòó síbẹ̀ ni, òun gbé e lé itan bí ẹni tó gbé ọmọ tó kú. Orí igi tó bá ti là báyìí, a lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń rọ́ irin lórí okùn rẹ̀, ọkàn èèyàn kì í balẹ̀ mọ́.

Nígbà tó kan tèmi, mo ní etí tó bá ihò mu ni n ó wá, n kò ní wá ihò tó bá etí mu. Mo tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà sórí bébà fún etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo gbé ọ̀kan tọ tọ́nà kan, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, tí mo mọ̀ lójú ọ̀nà Ìwó, ó fi kálípà rẹ̀ wọ̀n ọ́n fún mi. Tèmi jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta lórí irin pẹlẹbẹ kan, nítorí náà bí òpó ṣe sanra nìkan kò tó wọ̀n. Láti àárín òpó kan sí àárín èkejì náà ṣe pàtàkì. Ó jẹ́ mìlímítà 35. A wọn gíga òpó náà pẹ̀lú, kí èyí tí n ó rà má baà kúrú sínú igi. Tọ́nà yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní ìgbéyàwó òun lẹgbẹ́ wa ṣe. N kò rántí, ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá a káàkiri Mókọ́lá dé Dùgbẹ̀, gbogbo wọn ń gbé oníhò 10 síwájú mi. Níkẹyìn, àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló bá mi rà á. Èyí àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́, oníhò 10 náà ni. Ẹ̀bi mi ni. Mo sọ fún un lórí fóònù pé "ti àtijọ́", àwọn tó ń tà á sì ń pe gbogbo nǹkan ní ti àtijọ́. Ìgbà kejì, mo ya àwòrán ìwọ̀n tí tọ́nà kọ, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ìyẹn ló bọ́ sí i. Iye owó rẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ìyàwó mi ń ka ìwé ìròyìn yín kó tó kàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ibi tí mo ti ṣì í. Èmi tí mo ti tú sìkúrù táípù fún ọdún 31, mo fi ìkánjú tú sìkúrù karùn-ún, orí rẹ̀ já. Ara rẹ̀ kù sínú igi. Mo dìde, mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rìn yí kànga ká lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà gbé òòlù. Mo wá rántí ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi. Irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, mo mú un gbóná, mo fi ẹnu rẹ̀ lé ibi tó kù lórí sìkúrù náà, mo kà dé ogún, mo jẹ́ kó tutù. Ooru yẹn ti mú kí igi tú u sílẹ̀. Mo fi ẹ̀mú alágogo dì í mú ní ṣóńṣó, mo ń yí i, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, bí ẹ̀gún tó ń bọ̀ látẹsẹ̀ ọmọdé. Ká ní mo ti mú un gbóná bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kì bá tí já.

Òpó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, n kò fi nǹkan kan ha igi. Ihò sìkúrù nìkan ni kò ṣe rẹ́gí. Mo la igi ìṣáná tẹ́ẹ́rẹ́, mo rì í bọ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, mo fi dí àwọn ihò àtijọ́, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá sàmì sí ojú tuntun, mo fi ìda àbẹ́là pa ara sìkúrù kí ó má baà há, mo fi ọwọ́ yí i wọlé. Ọwọ́ ni o, n kò lo ẹ̀rọ. Etí àtijọ́ ń yí ní ìgbà 12 kí òpó tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tuntun ń yí ní ìgbà 14, nítorí náà ó rọrùn láti mú ohùn síbi tí èèyàn fẹ́ ẹ gan-an.

Bí mo ṣe ń fa okùn rẹ̀ nísinsìnyí nìyí, kí aṣáájú akọrin náà sì máa ṣe bẹ́ẹ̀: ìsàlẹ̀ ni kó ti máa bọ̀. Bí ohùn bá ga kọjá, kó má kàn dá a padà síbi tó yẹ kó wá fi sílẹ̀. Kó jẹ́ kó wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, kó wá tún fà á gòkè bọ̀. Eyín gíà á ti fara ti ara wọn nígbà náà, okùn kò ní rí àyè yọ́ padà. Mo mọ eléré tó ti fi ogún ọdún ta jìtá tí kò mọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi ni, kó dárí jì mí.

A tún ṣeré ní Òkè-Àdó lóṣù tó kọjá, láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fọwọ́ kan etí. Ọmọ onígángan yẹn náà wà níbẹ̀. Ó ki olówó ìnáwó, mo gbè é, "ọkọ" jáde bí ọkọ. Ó gbá orí ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò bojú wẹ̀yìn.

Olóòtú, etí àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú agolo mílíìkì. Mẹ́ta nínú wọn ṣì ní eyín. Bí ti aṣáájú akọrin bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì ló jẹ, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá a mu, kó wá mú un, n kò ní tà á. Bọ́tìnì ike tuntun náà wà. A ó mú irin etí gbóná díẹ̀, a ó tẹ bọ́tìnì wọ̀ ọ́, á sì dì í mú. Kó máa rọra ṣá, nítorí ọ̀kan tí mo mú gbóná jù yọ́ bíi ṣìkìléètì. Oníhò 10 tí mo ṣì rà náà wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tí orí jìtá rẹ̀ bá ti ní ihò ńlá láti ilé iṣẹ́ wá, kó wá gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e torí kó lè fi dírìlì lu jìtá àgbà, kó má wulẹ̀ wá.

Ẹ lè fún un ní nọ́ńbà mi tí mo kọ sẹ́yìn àpò ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Kó má pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Oorun ni mò ń sùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Onítáípù,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.